Ìyá Wagdi àti Ibùsùn Filfil

Ní àdúgbò wa ní Kom el-Dikka, nílùú wa létí òkun, aṣọ orí okùn ni a fi ń mọ obìnrin tó jẹ́ obìnrin. Kò sí ẹni tó máa bi ọ́ léèrè bóyá o mọ ọbẹ̀ sè. Wọ́n á kàn gbójú sókè wo bákónì rẹ. Tí aṣọ ibùsùn bá wà lórí okùn ìta, tí àwọ̀tẹ́lẹ̀ wà lórí okùn inú níbi tí ojú ọkùnrin ò lè dé, tí ìbọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì rẹ̀, o ti yege. Tó bá rí wúruwùru, Ọlọ́run nìkan ló lè gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹnu Bahiga tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé.

Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó mọ aṣọ fọ̀ bí Insaf, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Wagdi. Orí àtẹ̀gùn kan náà ni èmi àti òun ń gbé, ilẹ̀kùn mi kọjú sí tirẹ̀, láti ìgbà tí àwa méjèèjì ti jẹ́ ìyàwó tuntun. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni tèmi. Ọkọ tirẹ̀ kò pẹ́ láyé, ó fi ọmọkùnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un, aṣọ àwọn olówó etí òkun tó ń fọ̀ ló sì fi tọ́ ọmọ náà dàgbà. Omi gbígbóná, ọṣẹ, búlúù díẹ̀ fún aṣọ funfun, lẹ́yìn náà ni fínìkì. Oògùn apakòkòrò inú ìgò ni fínìkì yìí, ó dúdú bí ṣúgà tó jóná, ṣùgbọ́n bí o bá kán an sínú omi, omi náà á funfun bíi wàrà, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ilé kan. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé ohun tí kò bá rùn fínìkì kò tíì mọ́. Ó ń fi í nu ilẹ̀, ó ń fi í fọ àtẹ̀gùn dé iwájú ilẹ̀kùn mi, bí mo fẹ́, bí mo kọ̀.

Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá Wagdi, ọjọ́ tí o bá kú, àwọn tó ń wẹ òkú á kàn gbóòórùn rẹ, wọ́n á ní wọ́n ti wẹ eléyìí."

"Èmi á kú mímọ́ ni tèmi," ni yóò dá mi lóhùn. "Ìwọ tí òwú àná ṣì wà nínú irun rẹ, ta ni yóò wẹ ìwọ?"

Wagdi ọmọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì kékeré láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin lọ sí Sidi Bishr. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó ń wa bọ́ọ̀sì láìtẹ fèrè, ohun tí mi ò rí rí ní ìlú yìí. Lọ́jọ́ òtútù kan, ó gbọ́ igbe lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, ó nawọ́ síbẹ̀, ó fa ọmọ ológbò dúdú kan jáde tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó gbé e wálé nínú àyà ẹ̀wù rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Filfil, ìyẹn ata, nítorí pé ó kéré, ṣùgbọ́n ó ń ta.

"Èmi ń fọ ìdọ̀tí aráyé, ìwọ ń kó irun wọlé wá bá mi!" ni ìyá rẹ̀ fi igbe ta.

"Màmá, ẹ ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Èmi ni màá máa fọ gbogbo ohun ìní rẹ̀."

"Ohun ìní! Ẹ gbọ́ o, ológbò ti di onílé!"

Òótọ́ ni Wagdi sọ. Ó wá àpótí imọ̀ ọ̀pẹ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń kó tòmátò, ó tẹ́ súwẹ́tà àtijọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ohun ìṣeré Filfil ni ìbọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ta ní kókó, igi òwú kan tí òwú ti tán lára rẹ̀ nílé mi, àti eku kékeré tí mo fi èérún aṣọ rán. Bí Wagdi bá ti kírun Jímọ̀ dé, á gbé àpótí lọ sí òkè ilé. Á gbọn súwẹ́tà náà, á fi ọwọ́ tútù fa irun ara rẹ̀ kúrò, á fi omi gbígbóná àti ọṣẹ tí wọ́n fi òróró ólífì ṣe fọ̀ ọ́, á sì máa ṣàn án títí omi á fi mọ́ kedere. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe ìbọ̀sẹ̀ àti eku. Á fi kànrìnkàn nu igi òwú. Òkè yẹn náà ló ń sá wọn sí, kì í ṣe bákónì, nítorí ìyá rẹ̀ ti ní bí aṣọ ológbò bá dé orí okùn òun, òun á bẹ́ sílẹ̀ láti òkè. Filfil á jókòó ti eku rẹ̀, á máa ṣọ́ ọ títí á fi gbẹ.

"Kán fínìkì sí i!" ni ìyá rẹ̀ máa ń ké láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. "Díẹ̀ báyìí!"

"Rárá, Màmá. Ọṣẹ àti oòrùn ti tó. Ẹ má fi fínìkì sí nǹkan Filfil láéláé o."

Kò sọ ìdí rẹ̀, ìyá náà kò sì béèrè. Láti kékeré ni òórùn fínìkì ti máa ń mú Wagdi sín, ìyá rẹ̀ sì gbà pé nítorí imú ara rẹ̀ ló ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé náà.

Ìgbà tí ìjì òjò tí à ń pè ní Ìgbálẹ̀ jà lọ́dún kan ni nǹkan dàrú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, baba arúgbó kan sáré já sójú títì níwájú bọ́ọ̀sì Wagdi, bọ́ọ̀sì náà sì gbá a. Wagdi sọ̀ kalẹ̀, ó gbé baba náà mọ́ àyà, ó gbé e wọ ọkọ̀, ó wà á dé ẹnu ilẹ̀kùn ọsibítù. Ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà á. Ó gbé e fún wọn, ó sì sá wálé. Ó jókòó sórí àga kékeré ní ilé ìdáná, ẹ̀jẹ̀ baba onítọ̀hún sì wà lára ẹ̀wù funfun rẹ̀ láti ọrùn dé ìdodo.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kí ni ìyá máa ṣe? Ó bọ́ ẹ̀wù náà lọ́rùn ọmọ rẹ̀. Omi tútù ló kọ́kọ́ fi rẹ ẹ́, torí omi gbígbóná máa ń mú ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ó fi iyọ̀ ra á, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi búlúù sí i, ó wá fi fínìkì ṣàn án. Nígbà tí ọlọ́pàá fi tọpa bọ́ọ̀sì náà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀wù náà ti wà lórí okùn ìta, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ, ó funfun ju ọjọ́ tí wọ́n rà á lọ.

Baba náà kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní awakọ̀ náà kọlù ú ni, ó sì sá lọ, pé ẹlòmíì tó ṣàánú ló gbé e dé ọsibítù. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ní òun ò rántí ojú ẹnikẹ́ni. Lọ́yà tí ìjọba fún Wagdi, ọkùnrin kan tó máa ń sáré láti ẹjọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ní kí ìyá rẹ̀ mú ẹ̀wù tó wọ̀ lọ́jọ́ náà wá sí kóòtù. Kò ṣàlàyé kankan. Mo bá a lọ. Nígbà tí wọ́n pè é, ó fa ẹ̀wù náà yọ nínú ọ̀rá, ó ti fi áyọ̀ọ̀nù lọ̀ ọ́, ó ká a bí ẹni fẹ́ fi tọrẹ.

"Ẹ wò ó, Olúwa mi," ó ń sọ fún adájọ́, ó sì gbé e sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa! Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan lára ẹ̀wù ọmọ mi!"

Lọ́yà fi ọwọ́ bo ojú. Nínú àhámọ́ onírin tí wọ́n fi Wagdi sí, ó wo ẹ̀wù náà, ó wo ìyá rẹ̀. Ìta kóòtù ni lọ́yà ti wá ṣàlàyé fún un pé ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an ni ẹlẹ́rìí tí ọmọ rẹ̀ ní, pé ẹni tó gbé èèyàn mọ́ àyà kì í ṣe ẹni tó sá. Ìyá Wagdi kò sunkún. Ó di apá ẹ̀wù lọ́yà mú.

"Ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè dá àbàwọ́n náà padà ni?"

Mi ò tíì gbàgbé ìbéèrè yẹn títí di òní.

Wọ́n rán Wagdi lẹ́wọ̀n. Kí wọ́n tó mú un lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bá ìyá rẹ̀ sọ láti àárín irin: "Màmá, mo fi Filfil sí yín lọ́rùn." Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá mọ̀ pé ohun tí èèyàn bá fi sí ọ lọ́rùn báyẹn, bó ṣe fún ọ lo gbọ́dọ̀ dá a padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wàá rù ú dé ọ̀run.

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó kórìíra irun ológbò ṣe di olùtọ́jú ológbò. Eékún rẹ̀ ti ń dùn ún nígbà yẹn, síbẹ̀ kò sí Jímọ̀ kan tí kò gbé àpótí náà gun òkè ilé. Màá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, màá gbọ́ ọ tó ń bá Filfil jà lórí àtẹ̀gùn. "Sún, ìwọ ọmọ aláìníbaba! Eku rẹ ti rùn, o sì tún ń gbé e sẹ́nu! Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn?" Á fa irun ara súwẹ́tà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Bí eku bá ya, á kan ilẹ̀kùn mi pé kí n rán an kíákíá, pé ẹni tó ni ín ń dúró.

Bí a bá lọ kí Wagdi lẹ́wọ̀n, mo máa ń bá a gbé oúnjẹ, ẹ̀wà fúùlù àti ìrẹsì nínú abọ́ onídèérí. Wọ́n á jókòó kojú ara wọn, àwọn méjì tí kò sí ẹlòmíì fún láyé, ọ̀rọ̀ wọn ò sì ju báyìí lọ:

"Filfil ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa. Ó sanra bí ìyàwó ọ̀gá ọlọ́pàá."

"Ẹ fọ súwẹ́tà?"

"Ní Jímọ̀."

"Ọṣẹ nìkan?"

"Ọṣẹ àti oòrùn. Mo fi orí rẹ búra, ọmọ mi."

Wagdi á wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nítorí ẹ̀rín díẹ̀ yẹn ni ìyá rẹ̀ ṣe ń wọkọ̀ lọ jìnnà bẹ́ẹ̀. Ní ti ẹ̀wù yẹn, Wagdi ò dárúkọ rẹ̀ rí, kò bú ìyá rẹ̀, kò ráhùn. Ìyẹn gan-an ló ń pa obìnrin náà. Bí a ṣe ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ kan, ó sọ fún mi pé, "Bí mo bá lè gbé ológbò yẹn lé e lọ́wọ́ láàyè, bóyá màá lè wo ojú ọmọ mi." Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó yíjú sí òkun.

Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé wọ́n fẹ́ dá Wagdi sílẹ̀. Ha, inú wa dùn! Ìyá Wagdi tú gbogbo ilé síta. Ó gbé ẹní sórí bákónì, ó lù ú títí eruku fi bo àwọn tó ń kọjá nísàlẹ̀, wọ́n ń ṣépè, òun náà ń ṣépè padà tayọ̀tayọ̀. Ó fọ ògiri, ó fọ fèrèsé. Bahiga gòkè wá bá a yọ̀, ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa imú.

"Ìyá Wagdi, má bínú o. Ṣé ilé rẹ ló ń rùn ológbò báyìí, àbí imú mi ni?"

"Imú rẹ ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń wọ ilé onílé."

"Máa bú mi. Mo kàn ní àwọn èèyàn ń bọ̀ wá kí i káàbọ̀ ni. O ò ní fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé Insaf Fínìkì ti di Insaf Ológbò. Wò ó, eégbọn jẹ mí lórí àtẹ̀gùn yín lánàá." Ó ká aṣọ sókè, ó na ojúgun rẹ̀ sí wa.

Mo bi í pé eégbọn wo ni ebi máa pa tó báyẹn tó máa jẹ egungun gbígbẹ. Èmi àti òun rẹ́rìn-ín. Ìyá Wagdi ò rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gbogbo ohun tó kù fún obìnrin náà láyé ni pé ó mọ́ tónítóní, Bahiga sì ti fọwọ́ kan ibẹ̀.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Wagdi máa dé, mo gbóòórùn fínìkì láti inú ilé mi. Mo jáde sí bákónì. Mo rí súwẹ́tà Filfil, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ àti eku rẹ̀ lórí okùn ìta Ìyá Wagdi, níbi tó máa ń sá aṣọ ibùsùn àwọn olówó sí. Ó ti lo búlúù sí ìbọ̀sẹ̀ náà pàápàá. Ojú ọ̀run ṣú, aṣọ náà ò gbẹ dáadáa.

"Ṣebí ọmọ rẹ ní kí o má fi fínìkì sí i?"

"Torí kó má baà sín ni," ó dá mi lóhùn. "Òórùn rẹ̀ á ti dínkù kó tó dé. Ìwọ náà ronú sí i, ṣé inú ìdọ̀tí ni kí ọmọ mi ti ẹ̀wọ̀n bọ̀ wá bá? Mo fẹ́ kó bá nǹkan rẹ̀ kó mọ́. Ó kéré tán, kó rí i pé mo tọ́jú rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn tó fún mi. Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Ó tẹ́ súwẹ́tà náà padà pẹ̀lú ọ̀rinrin lára rẹ̀. Filfil gbóòórùn àpótí náà, ó yí i ká, ó jáde, ó tún wọlé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lé e kiri látàárọ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti omi, ó ti rẹ̀ ẹ́, eku rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ó wọlé, ó fi ẹsẹ̀ tẹ súwẹ́tà náà bó ṣe máa ń ṣe, ó gbé eku sẹ́nu, ó sì ń fi ahọ́n lá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ títí oorun fi gbé e lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Wagdi lu ilẹ̀kùn mi bí ẹni pé iná ń jó. Itọ́ ń dà lẹ́nu Filfil, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè gbé e mọ́. A gbé e pẹ̀lú àpótí rẹ̀, a sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran tó wà nítòsí ibi tí tráàmù, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ti ń dúró. Ọ̀dọ́kùnrin ni. Ó gbé ẹsẹ̀ Filfil sí imú, ó wo súwẹ́tà náà.

"Ìyá, kí lẹ fi fọ ibùsùn rẹ̀?"

"Fínìkì," ni Ìyá Wagdi wí. Títí di ìgbà yẹn, ó ṣì rò pé ọ̀rọ̀ náà máa gbè é. "Mo fọ̀ ọ́ dáadáa, dókítà. Kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀."

Dókítà náà mí kanlẹ̀. Ó fún ẹranko náà lábẹ́rẹ́, ó fi omi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí i lójú rẹ̀ pé ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó ní ara èèyàn lè lé fínìkì jáde, ara ológbò ò lè ṣe é. Ó ní Filfil gbà á láti àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì tún fi ahọ́n lá ìyókù jẹ. Ìyá Wagdi di ẹsẹ̀ Filfil mú lórí tábìlì náà. Ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Dúró dè é. Ọ̀sán ló ń dé. Ṣáà dúró dè é." Kò dúró.

Bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú àpótí tí súwẹ́tà nìkan kù nínú rẹ̀, Bahiga pàdé wa. Ó rí ojú wa, ó sì bú sẹ́kún, n ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Ìyá Wagdi, ológbò dúdú pọ̀ nígboro. Jẹ́ kí n lọ wá òmíràn, kò ní mọ̀."

"Mo ti mú irọ́ funfun kan lọ sí kóòtù rí," ni Ìyá Wagdi wí, "láìmọ̀. Mi ò ní mọ̀ọ́mọ̀ mú dúdú wá bá ọmọ mi."

Wagdi dé lọ́sàn-án. Àwọn obìnrin ìsàlẹ̀ tí kò tíì gbọ́ kígbe ayọ̀, ohùn wọn ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní àtẹ̀gùn. Ó ti gbẹ, irun ti ń wọ funfun ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ ilé, ó ń fi ẹnu pè bí wọ́n ṣe ń pe ológbò.

"Màmá, Filfil dà?"

Ìyá rẹ̀ tọ́ka sí àpótí náà. Wagdi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú súwẹ́tà náà, ó gbé e sójú. Ó sín. Ó tún sín lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò gbé súwẹ́tà náà kúrò lójú, àwa tó wà níbẹ̀ ò mọ ibi tí a máa wò.

Nígbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ká a, ó tẹ́ ẹ padà sínú àpótí.

"Ó mọ́, Màmá," ló sọ.

"Bú mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Wagdi, mo bẹ̀ ọ́, bú mi. Bú mi nítorí eléyìí, bú mi nítorí ẹ̀wù yẹn."

"Mi ò ní bú yín."

Ó lọ wẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti di àwọn aṣọ tó wọ̀ bọ̀ láti ẹ̀wọ̀n sábẹ́ apá. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì láti gbà wọ́n, bó ṣe ti ń gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó wà nínú ìlédìí. Wagdi rọra fà wọ́n sẹ́yìn.

"Ẹ jẹ́ kó wà, Màmá. Láti òní lọ, èmi ni màá máa fọ tèmi."

Bí ẹ bá ń gbé àdúgbò wa, ẹ̀ ẹ́ mọ̀ pé ìkọ̀sílẹ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Èmi bínú sí i lọ́jọ́ náà, inú ṣì ń bí mi sí i, bẹ́ẹ̀ ni n ò lè sọ pé ó ṣẹ̀. Ìyá àti ọmọ jọ ń gbé, wọ́n jọ ń jẹun, ó ń kí i láàárọ̀, ó ń ra oògùn eékún fún un. Ṣùgbọ́n aṣọ ẹnì kan ṣoṣo ló kù lórí okùn Ìyá Wagdi. Òkè ilé ni Wagdi ń fọ tirẹ̀ ní Jímọ̀, ibẹ̀ ló sì ń sá a sí, níbi tí eku Filfil ti máa ń gbẹ.

Mo gòkè lọ kó aṣọ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá Ìyá Wagdi níbẹ̀. Kò gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Ó dúró níwájú ẹ̀wù Wagdi kan tó ń gbẹ. Ọkùnrin ò mọ aṣọ fọ̀. Ìdọ̀tí ọrùn rẹ̀ ṣì hàn, ìlà dúdú kan yí kọ́là rẹ̀ ká. Ìyá Wagdi na ọwọ́ sí i. Ó wá fi ọwọ́ náà pamọ́ sínú aṣọ rẹ̀, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ.